Iná Tàn, Àwòrán Ò Dé

Kámẹ́rà náà kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Ojú kan ló ní, iná kékeré aláwọ̀ ewé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà, tí ó máa ń tàn bí wọ́n bá ti ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ara kọ̀ǹpútà. Iná yẹn ni gbogbo wa gbà gbọ́. Títí di òní, bí mo bá rí iná aláwọ̀ ewé kékeré níbikíbi, ìbáà jẹ́ lára rédíò, mo máa ń yí ojú kúrò níbẹ̀.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ orúkọ ìyá tó bí obìnrin tó bá wa tún wáyà náà ṣe, mo sì mọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n orúkọ kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní kọ ẹyọ kan síbí. Àwọn kan nínú wọn ti kú, àwọn yòókù ṣì ń kí mi láàárọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi ìwé bú òun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Ìkòròdú la ti ṣayé wa. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní etí ọ̀sà ní Ìpakodò, ó ṣe é lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí awakọ̀ ojú omi kan tí kò mọ ohùn rẹ̀, nítorí ó máa ń pariwo bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún wa. Ọkùnrin ni, ó sì wà ní Kánádà. Ilé tí a kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn sẹ́yìn: ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì, lẹ́yìn wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, yàrá ọkọ mi sì wà ní ìparí pátápátá, nítòsí kànga, torí pé ó fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Obìnrin kan gba ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù méjèèjì yẹn lọ́wọ́ wa, ó sọ ọ́ di káfè. Nígbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì ní Ìkòròdú ló ń ṣe káfè. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló tò sínú rẹ̀, àwọn olórí ńlá tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó kan tábìlì wọn mọ́ ògiri, ó sì fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì gba òrùlé wá bá wọn. Òun ló ni kámẹ́rà náà. Àwọn tó ní ọkọ lókè òkun máa ń wá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á kun àtíkè, wọ́n á máa ju ọwọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi, bí ó ti ń ṣe àlùwàlá. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn tó ń bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ di "hùn, hùn". A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a gbé e padà. Dókítà ní kí a jẹ́ kó sinmi, kí a má máa gbé e káàkiri.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Mo ní ara bàbá rẹ̀ ò yá, kó máa bọ̀.

"Kò yá báwo?"

"Apá kan ara rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Máa bọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ gbé fóònù fún wọn."

"Kò lè sọ̀rọ̀."

Mo ń gbọ́ ìró mọ́tò níbi tó wà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Màámi, ẹ má bínú. Ṣé Bàámi wà láyé?"

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mo ti fi ojú ọmọ yìí rí tẹ́lẹ̀ á sọ pé ọmọ burúkú ni. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Àwa kì í sọ ikú fún ẹni tó wà lájò. Bí a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó wà lájò kò ní ẹni tí yóò di òun mú, ó lè gbọ́ ọ kó ṣubú sójú títì. Nítorí náà a máa ń ní ara bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le, a máa ń ní ìyá ń béèrè rẹ, títí ẹni náà á fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi ló tọ́ ọmọ yìí. Nígbà tí ìyá mi kú, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà ni, kò tíì ní ìwé tó lè fi jáde kó tún fi padà wọlé. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé Ìyá Àgbà kí i. Bí ó bá ní kí n gbé fóònù fún wọn, màá ní wọ́n ń sùn. Màá ní wọ́n ń kírun. Lọ́jọ́ kan ó dápàárá kan ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, mo sì dáhùn pé, "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín o, wọ́n ní ìwọ ò ní yé ṣe wèrè." Inú ilẹ̀ ni ìyá mi wà. Ará Ẹ̀pẹ́ kan tí wọ́n jọ pàdé nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún ló kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Màámi, ẹ bá òkú rẹ́rìn-ín fún mi."

Nítorí náà, nígbà tó ní ṣé bàbá òun wà láyé, kí ni kí n sọ? Mo fi Àlùkùrání búra. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ojú òun rí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí ni wá. Ẹni wa tó bá kú láàárọ̀, kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́ ó ti wọlẹ̀. Ọmọ tó wà ní Kánádà kò lè bá òkú bàbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ láéláé. Bí bàbá bá ti lọ, kí ló fẹ́ sáré wá ṣe? Á dúró de ìsinmi ibi iṣẹ́ rẹ̀, á wá ṣe àdúrà. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ṣì ń mí, ó ní iṣẹ́ náà lè bàjẹ́ kó bàjẹ́. "Kí n rí wọn kí wọ́n ṣí ojú, Màámi. Ọjọ́ kejì ni màá wọkọ̀."

Bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró lórí kámẹ́rà nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo jókòó síwájú rẹ̀ nínú káfè. Ọmọ mi rí mi kedere. Ó ní mo ti rù. Èmi náà rí i, ó ti ń pá lórí bí bàbá rẹ̀. Mo ní kó dúró, ká wá wo bí a ó ṣe gbé kámẹ́rà lọ bá bàbá. Wáyà ara kámẹ́rà kò gùn ju apá méjì lọ. A kò lè tú kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ní ká gbé ọkọ mi wá sínú káfè lórí àga, bí dókítà tilẹ̀ ti kìlọ̀. Nígbà tó yé e pé ojú títì la fẹ́ gbé òun lọ, ó fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì títí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fi ń mì. Kò fẹ́ kí àwọn ará Ìpakodò tó ń kọjá rí ẹnu òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó di ojú.

Mo pe ayàwòrán. Ó yà á ní fọ́tò, ayálégbé wa tó ni káfè náà fi ránṣẹ́ gba inú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn tún wá ba nǹkan jẹ́ sí i, nítorí iná kámẹ́rà ayàwòrán náà bù yẹ̀rì, ọkọ mi sì pa ojú dé. Ohun tí ọmọ mi rí ní Kánádà ni bàbá rẹ̀ lórí aṣọ funfun, ojú ní pípadé, ẹnu ní wíwọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa fọ́tò náà fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má fi irú ìyẹn ránṣẹ́ mọ́."

Ni àbúrò ọkọ mi bá ti Ẹ̀pẹ́ dé.

Oníṣẹ́ iná ni, òun ló ń fa wáyà sí ilé tuntun. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ sí mi. "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é, èmi ni mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó ilé ní Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. O lè mọ̀ pé ohun tí ọkọ ń ṣe kò dára, ẹnu rẹ ni kò ní lè sọ ọ́.

Ayálégbé wa ti lọ ra wáyà kan tí wọ́n fi ń fa irú wáyà kámẹ́rà yẹn gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní yú-ẹs-bí, tí ẹnu rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Kò dé ju ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ọkọ mi kékeré wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí lẹ fi ń da ara yín láàmú? Ẹ fún mi ní ọ̀bẹ."

Ayálégbé wa ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í gé e o."

"Ta ni wọn?"

Ó gé wáyà náà sí méjì láàárín. Okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: pupa, dúdú, ewé, funfun. Wáyà ilé tó fẹ́ fi fa á gùn, irú èyí tí a fi ń gbé gílóòbù kọ́, kò ní ju ojú méjì lọ. Ó so pupa mọ́ ọ̀kan, ó so dúdú mọ́ èkejì. Ewé àti funfun, ó ká wọn sẹ́yìn, ó fi téèpù dúdú wé e. Mo béèrè pé àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, ìyẹn jẹ́ àfikún. Iná kì í fẹ́ ju méjì lọ." Mo ní ọkọ mi ṣeun.

A fa wáyà náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, a gbé kámẹ́rà lé orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi kékeré ké láti iwájú pé kí a wò ó. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Háà, inú mi dùn! Mo pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi pàápàá yí ojú síbẹ̀.

Ayálégbé wa ní tirẹ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Kọ̀ǹpútà ní kò sí kámẹ́rà kankan lára òun, sà."

"Kò sí báwo? Ó ń tàn lọ́hùn-ún bí ojú ológbò. Ta ni ká gbà gbọ́, ìwọ ni àbí iná?"

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

"Mi ò wo nǹkan kan. Ilé tí mo ti fa wáyà sí láti Ẹ̀pẹ́ dé ibí, o ò lè kà á. Wáyà ni wáyà. Ibi tí iná bá ti gbà kọjá, kí ni kò lè gba ibẹ̀ kọjá? Kọ̀ǹpútà rẹ ló ti darúgbó."

"Ó ṣáà rí Màmá dáadáa lánàá."

"Ó rí Màmá torí Màmá lẹ́wà."

Gbogbo àwọn tó jókòó nínú káfè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn. Wọ́n yọ wáyà kúrò lójú ihò ti iwájú, wọ́n ki ẹnu rẹ̀ bọ ti ẹ̀yìn. Ọkọ mi kékeré ní iná ìjọba ni kò lágbára, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n lọ. Nígbà tó yá ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò dára, ó ní Kánádà ni kò dára. Ọmọ mi wà lórí fóònù ní gbogbo àkókò yìí.

"Màámi, ẹ gbé kámẹ́rà padà wá síwájú."

Wọ́n gbé e padà wá, wọ́n ki ẹnu rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà láìsí wáyà àárín. Ó rí mi.

"Mo rí yín. Mo rí àwọn tó wà lẹ́yìn yín. Ó yá, ẹ gbé e lọ bá Bàámi."

Wọ́n gbé e lọ. Kò rí nǹkan.

"Màámi," ó ní. Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Gbogbo ènìyàn ni kámẹ́rà yín ń rí. Bàámi nìkan ni kò rí."

"Wáyà ni, ọmọ mi. Wàlláhì, wáyà ni."

"Ẹ fi fóònù sí wọn lẹ́nu."

Mo fi sí i. Ọkọ mi ní "hùn". Ọmọ mi ní ta nìyẹn. Mo ní bàbá rẹ ni. Ó ní ohùn bàbá òun kọ́ nìyẹn, ohùn bàbá òun kò ṣeé ṣì mọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kékeré ti padà sí Ẹ̀pẹ́, ó ní òun ti parí ti òun, ó ku ti oníkọ̀ǹpútà. Lójoojúmọ́ ni mò ń pe ọmọ mi. Nígbà mìíràn á gbé e, nígbà mìíràn ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ ọkọ mi, màá dé fìlà fún un, màá so kámẹ́rà mọ́ wáyà, iná á tàn. Kò lè béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń béèrè. Màá sì sọ fún un pé, "Ọmọ yín ń wò yín o. Ó rí yín. Ó ní ẹ ti ń sanra." Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ni. Mo rò pé lọ́la, bó pẹ́ bó yá, a ó tún un ṣe, irọ́ náà á sì di òótọ́. Ọkọ mi á tẹjú mọ́ iná náà títí di ọ̀sán. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀, lérò tirẹ̀. Ọmọ náà ń wò ó, kò sì wá.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń sá aṣọ, mo gbọ́ ẹkún. Obìnrin Ẹ̀pẹ́ kan, ìbátan ọkọ mi láti ilé ìyá rẹ̀, ló wọlé láti iwájú, tí ó ti tú gèlè, tí ó fi wé ìdí. Ọmọ obìnrin yìí àti ọmọ mi jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà ní Kánádà.

"Yéè, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin! Ìyàwó wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù o! Ọlọ́hun á fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ! Ẹ wá sin ín láì sọ fún wa?"

Mo sáré, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó já ọwọ́ mi.

"Kí lẹ tún ń pa mọ́? Ọmọ yín ti ṣe àdúrà fìdáù rẹ̀ ní Kánádà ní ọjọ́ Àìkú! Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó jẹ nínú sàráà rẹ̀!"

Ilẹ̀kùn yàrá ọkọ mi ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà bojú wò ó, ó rí òkú tí òun ń sunkún lé lórí tó jókòó ti ìrọ̀rí, fìlà lórí, tó ń wò ó. Ó pariwo, ó sì ṣubú jókòó. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì.

Mi ò dúró de ọkọ kankan mọ́, ńlá tàbí kékeré. Mo ká wáyà náà sínú ọ̀rá, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Gárééjì Ìkòròdú. Ẹni tí mo bá béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ á ní kí n lọ síwájú díẹ̀ sí i, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, láàárín ariwo àwọn agbèrò. Obìnrin náà ti kọjá ogójì ọdún, ó wọ ìgò ojú. Ó tú téèpù dúdú, ó wo ibi tí wọ́n ti so ó, ó sì wò mí.

"Màmá, ta ló ṣe èyí?"

"Ọkọ mi kékeré ni, ọmọ mi."

"Ẹ máa kí wọn." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Pupa àti dúdú ló ń gbé iná. Ewé àti funfun ló ń gbé àwòrán. Iná ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ bàbá, wọ́n gé àwòrán sọnù. Bí ẹ bá jókòó síwájú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, iná lẹ máa rí."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó fún mi ní omi.

Ó ní bí wọ́n tilẹ̀ so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà ti jìn jù, á ti rẹ àwòrán kó tó dé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń gbé e rìn jìnnà: àpótí kékeré méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó nípọn so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó gbé e wá sílé wa fúnra rẹ̀.

Mo wò bó ṣe ṣiṣẹ́. Kò kọ́kọ́ lọ sí yàrá. Ó ki kámẹ́rà bọ kọ̀ǹpútà ní tààrà, àwòrán jáde. Ó gbé àpótí méjèèjì lé orí tábìlì kan náà, ó fi wáyà kúkurú so wọ́n, àwòrán jáde. "Ibi tó dára la ti ń bẹ̀rẹ̀, Màmá, ká tó máa rìn lọ síbi tí kò dára." Lẹ́yìn náà ló wá na wáyà gígùn dé yàrá. Iná tàn, àwòrán ò dé. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo iná. Ó ní ebi iná ló ń pa àpótí ti ìhín, ó fa wáyà kan láti ara ògiri fún un. Ayálégbé wa sì kígbe láti iwájú pé, "Mo rí Bàbá! Mo rí Bàbá!"

A pe ọmọ mi. Mo ní kó lọ síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi." Mo ní bí mo bá ti bí i, kó lọ. Ó lọ.

Mo gbé fóònù sí etí ọkọ mi. Mo gbọ́ igbe ọmọ mi láti inú rẹ̀, igbe àgbà ọkùnrin, kò ṣeé gbọ́.

"Bàámi! Bàámi, ẹ̀yin nìyí! Ẹ dárí jì mí. Mò ń bọ̀. Lọ́la ni mò ń bọ̀."

Ọkọ mi wo kámẹ́rà. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, mo rò pé ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ni, mo tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà náà, kò sì gbé e kúrò.

"Ó ti lọ! Màámi, ó tún ti ṣókùnkùn!"

Ayálégbé wa ké láti iwájú pé wáyà ti yọ. Obìnrin tó wá tún un ṣe sáré lọ wo àpótí ti iwájú. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Mo rí ọwọ́ náà. Mo gba fóònù, mo ní, "Wáyà ni, ọmọ mi. Ṣáà máa bọ̀."

Ó wọkọ̀ ní ọjọ́ kejì, bó ti ṣèlérí. Ọkọ mi kú nígbà tó wà lójú òfuurufú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún ọmọ mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo rán ọkọ mi kékeré lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, mo ní kó sọ fún un níbẹ̀, lójúkojú. Kò lè sọ ọ́. Títí wọ́n fi dé Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ títì tó bàjẹ́ ló ń bá a sọ. Ọmọ mi sọ̀kalẹ̀, ó rí bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí mi. Mo sọ fún un.

Ó ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe. Ó jókòó gba àlejò títí àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ fi kọjá. Nígbà tí ilé dá, ó wá bá mi nínú yàrá bàbá rẹ̀. Àpótí kékeré náà ṣì wà lórí àpótí aṣọ.

"Màámi, wáyà ọjọ́ yẹn, kí ló ṣe é? Mo fẹ́ mọ̀. Bí mo bá rí wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i..."

Mo lè sọ pé wáyà ni. Gbogbo ènìyàn gbà pé wáyà ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní rárá.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló fi bò ó."

"Ọwọ́ ta ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìbátan wa tó wọlé tó ń sunkún. Fìlà tí mò ń dé fún un láràárọ̀. Mo sọ pé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ gbà pé ọmọ òun jókòó ní Kánádà tó ń wo òun, tí kò wá, nítorí pé èmi ni mo sọ fún un pé ó ń wò ó.

Kò sunkún. Ó fa wáyà náà yọ kúrò lára ògiri, ó ká a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ dá a padà fún olówó rẹ̀, ó sì jáde. Ọjọ́ kẹta ló padà lọ.

Ó máa ń pè mí. Ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pè, ní Iléyá ó máa ń gbé fóònù fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n kí mi. Ó ń kí mi dáadáa, bí ó ti yẹ kí ènìyàn kí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́, ìbáà ṣe ara mi, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe ẹni tó kú tàbí ẹni tó kù. Mo máa ń dúró pẹ̀lú fóònù létí bóyá á béèrè. Á ní, "Ẹ máa sinmi, Màámi," á sì gbé e sílẹ̀.